Osùn Ọwọ́ Ọdẹ́yalé

Ìlú Ìdóaràn ni wọ́n ti ń sọ pé, "Àjọkùn losùn, àdáfọ̀ ni." Osùn tí a fi ń kun ẹsẹ̀ ìyàwó, tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára, báwo ni fífọ̀ rẹ̀ ṣe wá di òwe? Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, kò sì tíì tán lára mi.

Olóyè méje ló ń gba ọba nímọ̀ràn níbẹ̀. Mẹ́rin ń jókòó lápá Ọ̀tún, mẹ́ta lápá Òsì, ẹgbẹ́ méjèèjì kì í sì í gbọ́ ara wọn yé. Bí ọ̀rọ̀ ogun bá délẹ̀, ẹni tó fẹ́ ogun á ki ọwọ́ bọ osùn, ẹni tí kò fẹ́ á ki tirẹ̀ bọ ẹfun. Ọwọ́ tó bá pọ̀ jù lọba ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá kun osùn kò sì gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí ogun yóò fi parí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá Àlàmú, ìránṣẹ́ ọba, tì. Ìgbóòwú ni wọ́n rán an, kò sì padà. Òṣúnkúnlé, olórí àwọn Ọ̀tún, ní wọ́n ti pa á ni, kí wọ́n lọ dáná sun ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ Ọdẹ́yalé, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, létí. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà nílé ọkọ ní Ìgbóòwú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, bàbá sì mọ àwọn àna rẹ̀ sí ọmọlúàbí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló rí òkú Àlàmú?"

"Ṣé o ti di ará Òsì ni?" Òṣúnkúnlé jágbe mọ́ ọn. "Ta ló fi ọ́ joyè?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, jàre!"

Ẹfun mẹ́ta ti wà lókè, osùn mẹ́ta ti wà lókè. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù! Ọdẹ́yalé ki tirẹ̀ bọ osùn. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó sá, ṣùgbọ́n àwọn ológun ti ṣíwájú ẹni tó rán débẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, tí ogun ti parí, ọkùnrin kan tiro wọ ààfin, ó gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà. Háà! Àlàmú ni.

"Ejò ló ṣán mi," ó wí. "Àwẹ̀ró ló gbà mí sílé, òun ló ń tọ́jú mi. Nígbà tí iná dé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó padà wọlé lọ fa ìyá ọkọ rẹ̀ yọ. Kò jáde mọ́."

Ọdẹ́yalé figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wo ohun tí a ṣe!"

Òṣúnkúnlé ti ń ṣan ọwọ́ tirẹ̀ nínú abọ́ omi. "Èmi ni mo di ọ́ lọ́wọ́ mú ni?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní kí bàbá àgbà gbà á. Ọdẹ́yalé na ọwọ́, ó rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tó pọ́n, ó sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Odò ló gbà lọ. Ó fi kànìnkànìn fọ ọwọ́ náà títí awọ fi bó, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó bá a dé etí odò.

Àwọn tó ń pọnmi lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń wò ó: àjọkùn losùn, àdáfọ̀ ni.