Ọkùnrin Tó Ń Nu Ọ́ọ̀lì Nílẹ̀

Jókòó, Àlàó àbúrò mi. Ọkùnrin kan wà ní apá Ìṣẹ́yìn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan. Ọkọ̀ náà ṣì dára lójú, ó sì ń gbé e dé oko, dé ọjà. Àmọ́ ó ń jo ọ́ọ̀lì. Kò síbi tó dúró sí tí kì í fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀.

Ó gbé e lọ bá Gàníyù, mẹkáníìkì àdúgbò wọn. Gàníyù wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, síìlì ẹ̀yìn ló bàjẹ́, róbà róbótó tó ń dá ọ́ọ̀lì dúró sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ti gbó, ó ti le bí èèpo igi. A óò sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ká tó lè yọ ọ́, ká fi tuntun sí i. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì."

"Ọjọ́ méjì? Nítorí róbà?" Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ nílé rẹ̀. Ní àràárọ̀, á da eérú sórí ọ́ọ̀lì tó kán sílẹ̀, á fi ọṣẹ fọ sìmẹ́ǹtì àgbàlá títí á fi mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà, á rọ ọ́ọ̀lì mìíràn sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń kọjá a máa yìn ín pé ó mọ ọkọ̀ tọ́jú, òun náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí iná pupa iwájú dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn pé ọ́ọ̀lì ti lọ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń bi í léèrè ṣáá. Ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ gílóòbù náà dànù kí ìbéèrè lè tán.

Lọ́jọ́ kan, ejò ṣán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́sẹ̀ lóko. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, ọkùnrin náà sì kọrí sí ọsibítù pẹ̀lú eré àsápajúdé. Kò wo ọ́ọ̀lì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sì sí iná tí yóò kìlọ̀ fún un. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi han gooro, ó sì gan. Inú igbó ni. Ó tó wákàtí méjì kí ọlọ́kadà kan tó kọjá, tó gbé obìnrin náà.

Kò kú. Àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní orúnkún.

Ọkùnrin náà lọ bá Gàníyù, ó ń sunkún. "Ọkọ̀ yìí dà mí!"

Gàníyù wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, kò dà yín. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ń nù ún lẹ́nu."

Àlàó, ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo tìtorí ẹ̀ pè ọ́? Ọmọ rẹ ń lu ìyàwó rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọbìnrin yẹn ti sá lọ sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti ru iṣu lọ, tí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna rẹ, tí o sì mú un padà wá síbi tí wọ́n ti ń lù ú. Àwọn èèyàn ń pè ọ́ ní onísùúrù. Irọ́ ni! Ilẹ̀ lo ń nù. Ọjọ́ wo lo pe ọmọ tí o bí jókòó, tí o wí fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí i mọ́? Ìyàwó lo rí bá wí. O ní kó máa rọra sunkún kí aráyé má baà gbọ́. Ojú ò tì ọ́?

Mi ò ní bá ọ bẹ ẹnikẹ́ni ní ìgbà kẹrin. Ọmọbìnrin náà wà ní yàrá ìyàwó mi báyìí, láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Kò ní padà sílé yẹn. Lọ pe ọmọ rẹ wá síwájú mi lónìí. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kí o wọlé lọ ka iye eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀.