Òyìnbó Tí Ọ̀nì Ò Tíì Gbé Mì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ jókòó tì mí. Èmi Ògúngbadé ni, ọmọ Ọdẹ́jìmí tí í fi irùngbọ̀n ẹkùn nu ẹnu, ọmọ ọdẹ tí í wọ igbó kí igbó mì tìtì. Bí mo bá purọ́, kí iyọ̀ má sí nínú ọbẹ̀ mi lálẹ́ òní.

Ajá mi, Ẹ̀yìnlàárò, tó gbà mí lọ́wọ́ ẹfọ̀n nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti sá fi mí sílẹ̀, òun ni àwọn ẹbọra gbé lọ. Mo sunkún, n kò ní tan yín. Mo gbé ìbọn, mo gbé àdá, mo gbé àpò, mo tọ ipasẹ̀ wọn lọ.

Mo bá wọn nídìí ìrókò: Olójú-lórúnkún wà níbẹ̀, Elétí-bí-ewé-kókò tí í fi etí ara rẹ̀ bora bí òtútù bá mú, Ẹlẹ́nu-méjì tí í fi ọ̀kan jẹun tí í fi ìkejì ráhùn pé òun kò yó, àti ọba wọn, Ìdílókè, tí í fi orí rìn. Wọ́n ti so ajá mi mọ́lẹ̀, omi sì ti ń hó nínú ìkòkò.

Ìdílókè ní, "O ti gbẹ, arúgbó, ṣùgbọ́n eegun rẹ yóò dùn nínú ọbẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ tí o kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, ibo lo fẹ́ gbé ọbẹ̀ gbà? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún yín. Láàárín àwa ọdẹ, a kì í fọwọ́ kan ẹni tó ń sọ ìtàn lọ́wọ́. Ẹ fahọ́n kan àdá yìí, kí ẹ búra pé ẹ ò ní fọwọ́ kan èmi àti ajá mi títí ìtàn mi yóò fi parí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì búra. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fi irin búra èké, Ògún ni yóò mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ni mo bá fa ìwé àwòrán kan yọ nínú àpò, èyí tí Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi obìnrin rà fún mi ní Kùtọnù. Èdè Faransé inú rẹ̀, n ò gbọ́ ẹyọ kan; àwòrán ni mò ń túmọ̀. Òyìnbó kan tó dé akẹtẹ̀, tó wọ ṣòkòtò péńpé, ló wọ igbó láìjúbà ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbọra pòṣé, wọ́n ní, "Ṣé kò ní ìyá nílé ni?" Kìnnìún lé e, òjòlá wé mọ́ ọn, ìnàkí gba akẹtẹ̀ rẹ̀ dé. Ẹlẹ́nu-méjì fi ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn: òyìnbó rọ̀ mọ́ ìtàkùn, ìtàkùn ń já lọ, ọ̀nì sì la ẹnu sílẹ̀ dè é. Ibẹ̀ ni ìwé tán sí.

Ìdílókè ní, "Ó jẹ ẹ́ àbí kò jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Ìyókù wà nínú ìwé mìíràn, ní Kùtọnù. Ìtàn mi kò tíì parí. Ẹ tú ajá mi."

Wọ́n wo àdá, wọ́n wo ara wọn. Ẹlẹ́nu-méjì ló tú u, ó ń fi ẹnu kan bú mi, ó ń fi ìkejì bẹ̀ mí pé kí n tètè mú ìyókù wá.

Mo wọ̀lú, ajá mi ń sáré níwájú, inú mi dùn bí ọkọ ìyàwó tuntun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ igbó, ohùn á ti orí igi wá pé, "Baba, ó ti jẹ ẹ́?" Èmi á ní, "Ẹnu ọ̀nì ṣì wà ní lílà."

Ọdẹ́bùnmi ti ra ìwé kejì bọ̀. Ó wà lórí àjà. N kò ṣí i, ẹ má sì bá mi ṣí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń bá ẹni tó lè jẹ yín sọ̀rọ̀, ẹ má sọ ọ́ tán. Ó ń wù mí láti mọ̀ bóyá òyìnbó yẹn yè. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹ̀yìnlàárò lẹ́sẹ̀ mi níbí, tó ń hanrun.