Omi Ìrẹsì Adùnọlá

Olùkọ́ tó ń kọ́ Adùnọlá sọ fún wọn ní kíláàsì pé omi tí a fi ṣan ìrẹsì kì í ṣe omi ìdànù. Láti ìgbà náà ni Adùnọlá ti ń bu ú sí ìdí efinrin ẹ̀yìn ilé ìdáná. Àlàmú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Olómi, ṣé efinrin ti jẹun?"

Ọyẹ́ dé, efinrin gbogbo àdúgbò gbẹ, àfi èyí. Inú ń run ìyá wọn àgbà, kò lè jẹun. Ọbẹ̀ efinrin nìkan ló ń béèrè.

"Adùnọlá, jọ̀ọ́, já ewé díẹ̀ wá," Àlàmú bẹ̀ ẹ́.

"Bùọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ bẹ efinrin náà ná!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ já a.

Ìyá àgbà jẹun tán, ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ lo da omi, ọmọ mi. Èmi ni mo tẹ ilẹ̀ tútù."