Ẹsẹ̀ Bàbá Àjíbóyè

“Kí tádàwà tó gbẹ, ka ọ̀rọ̀ sí ọlọ́rọ̀ létí.” Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ bíbí Òkè-Àgbọ̀n kankan. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré, àwọn ìyàwó ilé ń fi í bá ọkọ wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ ènìyàn kan ló bá a lọ?

Nígbà tí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo wà ní Òkè-Àgbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà ń wá láti ìlú ńlá. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ládiméjì ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, tó ń bi aláìsàn ní ohun tó ń ṣe é, tó sì ń kọ ọ́ sínú káàdì. Ìwé kíkọ rẹ̀ lẹ́wà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Bí ìyá àgbà kan bá ń sọ̀rọ̀ láti orí ohun tó gbé e lọ sóko títí dé orí inú tó ń run ún, Ládiméjì á sọ gbogbo rẹ̀ di ìlà kan, á sì gbé gègé sílẹ̀. Dókítà a máa yìn ín fún èyí.

Ìṣó gún Bàbá Àjíbóyè ahunṣọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, nídìí òfì rẹ̀. Wọ́n ń wẹ egbò náà fún un, wọ́n sì ń gún un lábẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá jókòó níwájú Ládiméjì.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“A dúpẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ò jẹ́ kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ìṣe wa. Bí ilé àgbàlagbà bá ń jó, tí a bi í pé báwo ni nǹkan, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ ná kó tó bèèrè omi. Ẹ̀yìn ọpẹ́ ni ọ̀rọ̀ gan-an máa ń wà.

“Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹsẹ̀ náà lára mọ́. Mo tẹ ìtẹsẹ̀ òfì lánàá, àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo fi tẹ̀ ẹ́.”

Ládiméjì ti gbọ́ ọpẹ́, gègé rẹ̀ sì ti ń rìn. Aláìsàn mẹ́rìndínlógún ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó kọ ni pé: Ó dúpẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ kò dun òun mọ́. Lójú tirẹ̀, kò purọ́. Ẹsẹ̀ téèyàn ò mọ̀ lára, báwo ni yóò ṣe máa dùn ún? Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tádàwà kó lè tètè gbẹ, ó sì pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà dé, ó ka káàdì, inú rẹ̀ dùn, ó sì ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró. Bàbá Àjíbóyè ní, “Dókítà, ẹsẹ̀ yìí…”

“Mo ti kà á, Bàbá. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló wà níbí.”

Bàbá wo ìwé náà. Kò mọ̀ ọ́n kà. Ó gbà pé bí dókítà bá ti rí ọ̀rọ̀ òun, tó sì ní kò séwu, a jẹ́ pé kò séwu náà nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó lọ sílé. Kí oṣù náà tó parí, ẹsẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá, wọ́n sì gé e lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tí Ládiméjì gbọ́, ó sáré lọ síbi tí wọ́n ń kó káàdì sí. Ó fa káàdì náà yọ, ó kà á léraléra. Ìwé kíkọ náà ṣì lẹ́wà. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í ṣáájú.

Ọjọ́ tí Bàbá Àjíbóyè tún fi ọ̀pá rìn wá sí ilé ìwòsàn, Ládiméjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo èrò.

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ kọ́ ni mo kọ.”

“Kí lo kọ?”

Ládiméjì kà á fún un. Bàbá wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

“Ó ti wá di òótọ́ báyìí. Ẹsẹ̀ yẹn ò tún lè dùn mí mọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Ká ní o ti kà á sí mi létí báyìí kí tádàwà tó gbẹ ni, ǹ bá ti sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò ní gbà wá lásìkò rárá.”

Òfì Bàbá kò tún dún mọ́. Aṣọ ẹtù tó kù díẹ̀ kó parí wà lórí rẹ̀ títí eruku fi bò ó. Ládiméjì kò sì tún pa káàdì kankan dé láìkà á fún ẹni tó ni ín, bí èrò tilẹ̀ pọ̀ dé ojú títì. Àwọn èwe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Kà-á-sí-mi-létí. Kò bá wọn jà.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ jíṣẹ́ ẹlòmíràn, tàbí tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà Òkè-Àgbọ̀n á pa á fún un, pé kó kọ́kọ́ tún un sọ fún ọlọ́rọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló wí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá ti bàjẹ́ tán kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọn kì í pa òwe náà tán mọ́. Wọn á kàn mi orí, wọn á ní, “Tádàwà ti gbẹ.”