Ìbora Alábùlẹ̀ ti Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, ó jókòó ti Àwẹ̀ró tí í rán àbùlẹ̀ mọ́ àbùlẹ̀. Ó jókòó ti Ọdẹ́wálé ọkọ rẹ̀. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà tó bí Ọdẹ́wálé, ó jókòó ti Béjídé ọmọbìnrin wọn kékeré. Ó wá yọjú wo inú igbó, ó rí Àparò níbẹ̀. Ìwọ tó ń wá ẹ̀pà nínú eérú, fi í sílẹ̀ ná, ó ti jóná tipẹ́.

Abà ni wọ́n ń gbé, lórí ilẹ̀ ìdílé wọn. Ọdẹ́wálé ń roko. Ìyá Àgbà ń ṣọ́ ọkà bàbà tí wọ́n sá sórí àpáta. Béjídé ń bá a sọ òkò lu ẹyẹ. Àwẹ̀ró náà ń roko, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọkọ́ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn. Etí gèlè, apá dàńṣíkí, ìdí ṣòkòtò tó ya, kò sí èyí tí í sọnù lójú rẹ̀. Á gé e, á tò ó, á wò ó, á tú u, á tún un tò. Iyán á tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀. Àwọn ará abà kejì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní obìnrin tó ń to àkísà bí ẹni ń to owó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn, ó parí.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ tètè dé, ó sì le. Ètè ń là, ẹsẹ̀ ń là, ọmọ ń gbọ̀n lórí ẹní. Àwẹ̀ró ní òun yóò rán ìbora kan, ìbora ńlá tí yóò bo gbogbo ilé pọ̀. Ó gba ògbólógbòó ìró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó gba dàńṣíkí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó gba bùbá kékeré lọ́wọ́ Béjídé. Òun náà gé nínú kíjìpá tirẹ̀.

Nígbà náà, aṣọ tó bá kúrò lára ẹnìkan, wọn kì í fi bo ẹlòmíràn láìfọ̀ ọ́. Òógùn ẹni wà nínú rẹ̀. Èèyàn fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kó aṣọ sínú agbọ̀n, ó ń lọ sódò, ló bá pàdé Àparò.

Àparò kí i kú ọ̀nà, ó bi í pé níbo ló ń kó ẹrù lọ. Àwẹ̀ró sọ fún un. Àparò mi orí.

"Ìyàwó, odò ti gbẹ, ẹrẹ̀ ló kù. Bí o bá fọ aṣọ gbígbó wọ̀nyí, wọn á ya mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣé ọyẹ́ ni yóò dúró dè ọ́ ni? Rán an bẹ́ẹ̀."

Kí ló kan Àparò nínú aṣọ ẹni ẹlẹ́ni? Ọkà orí àpáta ló kàn án. Ọkà yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pá Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó sún mọ́ ọn, òkò Béjídé kò jẹ́. Ó mọ̀ pé ilé tí orí ará ibẹ̀ bá dàrú, kò sẹ́ni tí yóò rántí lé ẹyẹ.

Àwẹ̀ró gbà á gbọ́, ó padà sílé. Ó rán aṣọ náà láìfọ̀. Ó dára, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Pupa sùn ti aró, aró sùn ti funfun. Àárín nìkan ló kù, ihò kan wà níbẹ̀ tí kò rí àbùlẹ̀ fi dí. Wọ́n dà á bora, wọ́n sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Àbùlẹ̀ ìró Ìyá Àgbà ló bo Ọdẹ́wálé lójú. Ọdẹ́wálé jí, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀, ó ń ráhùn pé orúnkún ń dun òun. Ó pe ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun, ó ní kó sáré lọ pọn omi. Ìyá Àgbà wo Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró wo Ìyá Àgbà. Ṣé ó mutí ni? Kò mutí. Wọ́n ń bá a fà á títí oòrùn fi ràn. Ìgbà náà lojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo aṣọ tó wà láyà rẹ̀, ó ní ta ló ró èyí mọ́ òun. Kí wọ́n tó dé orí àpáta, Àparò ti jẹun.

Ilẹ̀ tún mọ́. Àbùlẹ̀ bùbá Béjídé ló bo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà jí, ó ń sunkún àkàrà. Ó ní kí Àwẹ̀ró pọn òun. Ó ń sá tẹ̀lé tata nínú koríko, ìyá tó ń fi ọ̀pá rìn lánàá! Ọdẹ́wálé pè é ní ìyá, Ìyá Àgbà ní òun kọ́ ni ìyá rẹ̀. Ni Béjídé bá bú sẹ́kún. Ó ní bí Ìyá Àgbà bá ti di òun, ta wá ni òun? Ẹ má bi mí o, èmi tí mò ń pa àlọ́ náà, orí mi ń yí. Nígbà tí oòrùn mú, Ìyá Àgbà wá sí ara rẹ̀, ojú tì í gan-an. Àparò ti jẹun, ó ti yó.

Ọkàn Àwẹ̀ró pòrúúru. Kò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló burú, kò mọ̀ bóyá òwú ni, àìfọ̀ aṣọ kò wá sí i lọ́kàn. Ta ló tún lọ bá? Àparò náà ni. Àparò ní ihò àárín ni, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọ̀ wọ́n lórí. Ó fún un ní àbùlẹ̀ kan, ó ní arìnrìn-àjò kan ló fi kọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò sì padà wá mú un. Àwẹ̀ró fi dí ihò. Ṣé ó fọ̀ ọ́? Kò fọ̀ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo rán an.

Ilẹ̀ kẹta mọ́. Béjídé ló sùn sí àárín. Ó jí, ó dìde, ó kí ìyá tó bí i lọ́mọ bí àlejò ṣe í kí onílé.

"Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí sùn. Ọ̀nà mi jìn, mo fẹ́ tètè gbéra."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oòrùn yóò yọ. Oòrùn yọ. Oòrùn ràn. Béjídé ti bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń lọ. Ẹni tí Ọdẹ́wálé dà, ará ilé ni. Ẹni tí Ìyá Àgbà dà, ará ilé ni. Ẹni tí Béjídé dà kò nílé. Níbo ni yóò padà sí?

Ó ń lọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "Tẹ̀rẹ̀rẹ́" lẹ ó máa wí:

Ọ̀nà mi kò tíì pin o.
Tẹ̀rẹ̀rẹ́.
N kò mọ ilé tí mo ti wá.
Tẹ̀rẹ̀rẹ́.
N kò mọ ilé tí mò ń lọ.
Tẹ̀rẹ̀rẹ́.

Ọdẹ́wálé sáré dì í mú. Ọmọ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jí òun gbé. Baba ọmọ tú u sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró fa àbùlẹ̀ arìnrìn-àjò ya kúrò nínú ìbora, ó jù ú sígbó. Ọmọ kò wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró pe Béjídé lórúkọ. Ọmọ kò dúró, ó ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti kù díẹ̀ kó dé ìdí pèrègún, níbi tí ilẹ̀ ìdílé wọn pin sí. Bó bá kọjá ibẹ̀, ọmọ ọ̀nà ló dà.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró dé egungun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé. Kó ṣa ègé, kó rán ègé mọ́ ègé. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ló kù. Ó la ẹnu:

"Béjídé, ọmọ tó bá òjò dé. Odò kún, agbẹ̀bí kò rí ọ̀nà gbà, ọmọ kò dúró de agbẹ̀bí."

Ẹsẹ̀ ọmọ falẹ̀. Ìyá Àgbà ti ń mí hẹlẹ, síbẹ̀ ó gbà á lẹ́nu Àwẹ̀ró:

"Ọmọ Ọdẹ́wálé afọwọ́-òsì-roko. Ó ro ibi tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún sá fún."

Ọmọ dúró. Kò yíjú. Ọdẹ́wálé fi tirẹ̀ kún un:

"Ọmọ Ìyá Àgbà tí í feyín tọ́ ọkà wò kó tó gbà pé ó gbẹ. Ọmọ Àwẹ̀ró tí kì í sọ àkísà nù, ṣé ọmọ ni yóò wá sọ nù?"

Béjídé yíjú padà. Ó wo pèrègún, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún eruku.

"Ìyá mi, kí ni mo wá ṣe níbí? Ẹ pọ̀n mí."

Àwẹ̀ró pọ̀n ọ́n, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà, ó jẹ́wọ́ ohun tí Àparò sọ fún un. Wọ́n délé, wọ́n bá Àparò lórí ọkà, ó ti yó débi tí kò lè fò gòkè. Ìyá Àgbà ní ìwọ tí o ní kí wọ́n má fọ aṣọ, ìwọ náà kò ní fọ tìrẹ láéláé. Ẹ wo aṣọ ọrùn rẹ̀, bó ṣe pọ́n títí dòní.

Àwẹ̀ró tú ìbora náà palẹ̀. Ó fọ gbogbo àbùlẹ̀ rẹ̀ nínú odò tí Àparò ní ó ti gbẹ, ó tún un rán, wọ́n sùn, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tán nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí Béjídé tó la ẹnu, yóò ti kúnlẹ̀ tì í, yóò máa to àwọn ègé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará abà kejì tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́, wọ́n wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìyá fi ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ìyá àgbà fi ń ki ọmọ-ọmọ kó tó dáhùn ìkíni rẹ̀. Ẹni tó sùn ti lọ síbi tí a kò mọ̀. A kò mọ ẹni tí yóò jí. Orúkọ nìkan kò tó, ẹlòmíràn lè máa jẹ́ ẹ. Àfi ká rán ọmọ mọ́ àwọn tó bí i kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí n jí lọ́la kí n máa bi yín pé kí lorúkọ mi.