Ìmàdò àti Ìkòkò Epo Àwọn Òṣìṣẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yọ̀ tẹ̀rẹ́ sínú ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí epo lè jáde. Ìmàdò ló ni ẹkù náà. Ikùn rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára epo.

Erin tó jẹ́ ọba pàṣẹ tuntun nígbà náà. Ó ní gbogbo ọ̀gá tó bá ní ẹkù gbọ́dọ̀ ya ìkòkò epo kan sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ní ẹni tó bá rí ọ̀gá tó ń ṣe màgòmágó, kó wá sọ, ọ̀gá kankan ò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ lé e níṣẹ́.

Ìmàdò gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó pọn omi sí ìkòkò, ó wá da epo díẹ̀ lé e lórí, pupa fòò. Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, rí i láti orí ọ̀pẹ, àmọ́ ó panu mọ́. Iṣẹ́ ẹkù yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ.

Àfi bí Etu, òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, ṣe yọ̀ ṣubú sínú ẹkù, gbì! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ìyàwó rẹ̀ wá gba epo, Ìmàdò ní epo inú ìkòkò kò tíì tó bù. Àánú ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́ débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú ẹkù, wọn kì í dá ẹni tó ń dárin iṣẹ́ lẹ́kun. Orin ló fi tú àṣírí. Ẹ gbè é:

Epo wà lókè o,
*À ń tẹ̀ ẹ́, jàbàjàbà.*
Omi wà nísàlẹ̀ o,
*À ń tẹ̀ ẹ́, jàbàjàbà.*
Ọ̀gá ló bomi sí i,
*À ń tẹ̀ ẹ́, jàbàjàbà.*
Ẹsẹ̀ Etu kán o,
*À ń tẹ̀ ẹ́, jàbàjàbà.*

Ìmàdò fò sókè, ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, má dé ẹkù mi mọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ààfin lọ. Ó rò ó fún Erin láìfi nǹkan kan pa mọ́. Erin bá a padà, ó ki ọwọ́jà rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, ó fà á, fìììn. Ìmàdò ń ṣàlàyé pé òjò ló rọ̀ sí i. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Erin fi fọ́n ọn sí i lójú, fẹ́ẹ́! Omi lásán. Ìmàdò rin gbingbin.

Erin ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ìmàdò, gbé ojúlówó epo lọ sílé Etu. Títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi san, ìwọ ni wàá máa tẹ ẹyìn nípò rẹ̀."

Bí ọ̀gá ṣe bọ́ sínú ẹkù nìyẹn, tí ikùn rẹ̀ ń mì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń dárin, Ìmàdò ń gbè é. Ẹni tí kò bá gbè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní í bá tàwọn yòókù mu, á sì ṣubú.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi tẹsẹ̀ dúró. Ó kọ́ wa pé kí ọ̀gá má ṣe jẹ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì rí ìrẹ́jẹ, kó sọ ọ́, kí ẹ̀yin yòókù dúró tì í.