Tíṣà Tó Ṣèlérí Ipò Kìíní

Ọkùnrin kan wà tó mọ ìṣirò kọ́ ọmọ. Ilé ìwé aládàáni ló ti ń ṣiṣẹ́ kí ilé ìwé náà tó kógbá sílé. Nígbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní wá ọ̀gá mọ́. Òun yóò máa lọ láti ilé dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ní, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbàdúrà fún un.

Ilé àkọ́kọ́ tó wọ̀, òótọ́ ló sọ níbẹ̀. Bàbá ọmọ bi í pé, "Tíṣà, ṣé ọmọ mi á gba ipò kìíní?"

Ó dáhùn pé, "Mi ò lè sọ ìyẹn, sà. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ohun tí kò yé e á yé e."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á ránṣẹ́ pè é. Wọn kò ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láwọn ilé tó tẹ̀ lé e. Gààrí ni wọ́n ń mu nílé rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ kò bi í léèrè mọ́ pé báwo ni ibi tó lọ. Àìbéèrè yẹn ló dùn ún jù.

Nílé tó wọ̀ lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó bi í ló ti dáhùn. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ipò kìíní ni." Kíá ni wọ́n gbà á. Ìbídùn lorúkọ ọmọ ilé náà. Bí ìṣirò bá ti jáde bó ṣe yẹ, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ará ilé òdìkejì gbọ́, òun náà pe tíṣà sí ọmọkùnrin tirẹ̀. Kíláàsì kan náà ni ọmọ yìí àti Ìbídùn wà, tíṣà sì mọ̀. Síbẹ̀, ipò kìíní ló ṣèlérí níbẹ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn ọmọ méjèèjì. Wọn a máa jókòó sẹ́nu géètì, èyí tó bá mọ nǹkan á ṣàlàyé rẹ̀ fún èkejì. Tíṣà rí wọn, ó sì rò pé lọ́jọ́ kan ìlérí méjèèjì á pàdé. Ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ohun tí mo bá kọ́ ọ, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Wọn kò jókòó sẹ́nu géètì mọ́.

Èsì ìdánwò jáde. Ọmọkùnrin náà gba ipò kìíní, Ìbídùn gba ìkejì. Bàbá Ìbídùn pe tíṣà sí pálọ̀. Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò sọ fún mi pé ipò kìíní ni?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló wá dé? Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ò kọ́ ọ ni, àbí òun ni kò gbẹ̀kọ́?"

Tíṣà ì bá wí pé irọ́ lòun pa, pé kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin náà rántí ebi.

Ó ní, "Orí rẹ̀ pé, sà. Kò kàn fọkàn sí i ni."

Ìbídùn sọ ojú sílẹ̀. Kò sunkún.

Wọn kò lé tíṣà. Òkìkí ọmọkùnrin tó gba ipò kìíní kàn, àwọn òbí mìíràn ń wá a, iṣẹ́ rẹ̀ gbèrú. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó níwájú Ìbídùn, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà," ni ọmọ náà ń fi dáhùn gbogbo ìbéèrè, títí kan èyí tó ti mọ̀ kí tíṣà tó mọ ilé wọn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà kò lè fara dà á mọ́.

Ó ní, "Ìbídùn, o mọ ìṣirò. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó ọ."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ṣé òótọ́ nìyẹn, sà, àbí irú èyí tẹ́ ẹ sọ fún Dádì ni?"

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó lọ bá bàbá ọmọ náà, ó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni ìlérí òun, pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹ má gbè é lẹ́yìn." Ìbídùn kò ṣí ìwé ìṣirò mọ́ láti ìgbà náà.

Ìwọ tí o wá sọ fún mi pé o fẹ́ dá iṣẹ́ tìrẹ sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tí ọkùnrin yìí dà kò tọ̀ ọ́ lọ. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ló bà sí. Wọn á bi ìwọ náà ní irú ìbéèrè yẹn. Bí o bá sọ òótọ́, wọ́n lè má gbà ọ́, mi ò sì ní tàn ọ́ pé ebi kò ní pa ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó la ẹnu ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ, kọ́kọ́ wo ojú ọmọ tó jókòó níbẹ̀.